Òjò Tó Kó Àwọn Ìwé Wa Jáde

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹrin

Ikán ti jẹ igi òrùlé wa tán. Kápẹ́ńtà gun òkè láàárọ̀ yìí, ó fi òòlù kan igi kan ṣoṣo, igi náà sì rún wómúwómú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn eruku orí rẹ̀ dànù, ó ní, "Mà, ó ti pẹ́ tí igi ò ti gbé páànù yín ró mọ́. Àdúrà ló ń gbé e ró." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àyà mi já.

Ó ní òun gbọ́dọ̀ ṣí òrùlé náà kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, iṣẹ́ náà á gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò sì gbọdọ̀ sí ìwé kankan lókè nígbà tí òun bá ń ṣe é. Ìwé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló wà lókè. Pẹpẹ ìsàlẹ̀ ti kún dẹ́nu ní tiẹ̀, kò sí ibi tí èèyàn lè fi abẹ́rẹ́ sí lórí wọn.

Nígbà tó lọ tán, mo padà gun òkè, mo jókòó síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún rèé tí mo ti ń gun àtẹ̀gùn yẹn, orúnkún mi mọ iye ìgbésẹ̀ rẹ̀ ju èmi fúnra mi lọ. Síbẹ̀ òkè yẹn ò sú mi rí. Ìwé àwọn ẹyẹ wà níbẹ̀, apá mẹ́rìndínlógún, tí wọ́n fi ọwọ́ kun ìyẹ́ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan. Ìwé lórí oyin wà níbẹ̀, lórí aago, lórí bí a ṣe ń gbẹ́ kànga, lórí egungun ara èèyàn. Àwọn méjìlá tó dá ilé ìkàwé yìí sílẹ̀ kì í ṣe olówó. Aránṣọ wà nínú wọn, alágbẹ̀dẹ wà, aṣe-búrẹ́dì wà, olùkọ́ kan sì wà. Kò sí ẹni tó lè dá ra ìwé kan nínú wọn, ni wọ́n bá ń ra ọ̀kan pọ̀, wọ́n á kà á yíká. Ẹni tó bá gbé e lọ sílé á kọ orúkọ rẹ̀ sórí bébà pélébé, á fi há inú ìwé náà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é títí dòní. Mo fẹ́ràn wọn bí ẹni pé mo bá wọn jẹun rí.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹrin

Ìpàdé. Ọgọ́sàn-án ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, àwọn tó wá sì kún yàrá ìsàlẹ̀ débi pé àwọn kan jókòó sórí àtẹ̀gùn. Bàbá Alága dìde. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n, olùkọ́ àgbà ni wọ́n fún ogójì ọdún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ-ọmọ aránṣọ inú àwọn méjìlá sì ni wọ́n. Ẹnikẹ́ni kì í já ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.

Wọ́n ní, "Ìwé wa kò ní sùn síta. Kí kálukú wá gba mẹ́tàdínlógún, kó gbé e lọ sílé, kó tọ́jú rẹ̀ bí àlejò. Bí òrùlé bá parí, kó gbé e padà."

Gbogbo ọwọ́ ló gòkè. A dá Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá. Mò ń wò wọ́n, orí mi wú.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kẹrin

Lẹ́tà Lọ́yà tó ń bójú tó ìwé àdéhùn ilé yìí dé. Mo dà á kọ síbí, kí n má baà máa tan ara mi jẹ: "Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù karùn-ún ni n ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìwé bí mo ti ń ṣe lọ́dọọdún, n ó sì parí rẹ̀ ní Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún. Ìwé tó wà lórí pẹpẹ wà nílé. Ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ wà nílé pẹ̀lú. Èyí tí kò sí níbi méjèèjì ti nù. Bí èyí tó nù bá ju ọgọ́rùn-ún lọ, ilé náà yóò padà sọ́dọ̀ ìdílé ẹni tó fi í tọrẹ."

Opó tó fún wa nílé yìí ló ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò fẹ́ kí ilé òun di ibi tí àwọn ọkùnrin á ti máa ta káàdì. Mi ò bá a wí. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni mò ń bẹ̀rù. Ọ̀kan nínú wọn wá lọ́dún tó kọjá, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ọgbà wa láti ìgun dé ìgun, ó sì kí mi dáadáa bó ṣe ń wọ̀n ọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹrin

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ìsàlẹ̀. Ìwé Ńlá ni mo kọ́kọ́ dì, torí pé òun ni gbogbo wa. Gbogbo orúkọ ẹni tó yá ìwé láti ọjọ́ àwọn méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Mo fi aṣọ wé e lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi ọ̀rá wé aṣọ náà, mo tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ àpótí irin, mo ti àpótí náà dé ògiri. Lẹ́yìn náà ni a to àpótí mọ́kànlá àti bẹ́ǹṣì méje lé e. Bí ilé bá wó, Ìwé Ńlá kò ní mọ̀.

Ìṣó ti gbówó lórí. Kápẹ́ńtà sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo gbé e gun orí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹrin

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Kápẹ́ńtà ti dé láti aago méje. Iṣẹ́ ń yá a lára, ó ti ṣí páànù ìdajì òrùlé kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, ojú ọ̀run ṣú dùdù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ti dé kò ju ogójì lọ. Mo dúró lókè, mò ń wo òfuurufú láti inú ilé, ìwé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sì wà lẹ́yìn mi.

Kápẹ́ńtà ló sá jáde. Ibùdókọ̀ ló dojú kọ wa, èrò sì pọ̀ níbẹ̀. Ó ké sí wọn pé, "Ẹ̀yin ará, ẹ gbà wá, òjò fẹ́ ba ìwé jẹ́!" Mi ò mọ ohun tí wọ́n rò, àmọ́ wọ́n wá. Onídìrí tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìkángun òpópónà wá pẹ̀lú oníbàárà rẹ̀ méjì, ọ̀kan ṣì fi aṣọ ìnura wé orí. Mẹkáníìkì ẹ̀yìn ibùdókọ̀ náà wá, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi nu ọwọ́ títí ó fi mọ́, kó tó gba ìwé àkọ́kọ́. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ẹni yìí mọ nǹkan.

A tò láti òkè dé ẹnu ilẹ̀kùn, à ń na ìwé síra wa. Ẹni tí ò rí ẹnìkejì rẹ̀ rí ń sọ fún un pé "rọra, rọra". Mo gbé tábìlì sẹ́nu ọ̀nà, mo to bébà pélébé àti pẹ́ńsùlù sórí rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n a ò lè dúró dè wọ́n mọ́. Ẹni tí ìwé bá ti kún apá rẹ̀, à ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa gbé e lọ sílé, ọmọ ẹgbẹ́ tàbí ará ìta. Èmi ń pariwo: "Ẹ kọ orúkọ yín kedere! Ẹ kọ ibi tí ẹ̀ ń gbé! Ẹ fi sínú ìwé kó má bọ́ sọnù!" Wọ́n kọ ọ́ kedere. Wọ́n fi sínú ìwé. Mi ò tíì rí èrò tó gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Òjò dé lẹ́yìn aago kan. Òkè ti ṣófo. Kò sí ìwé kan ṣoṣo tó tutù. Bàbá Alága di igi àtẹ̀gùn mú, omi ń dà lójú wọn, wọ́n ní eruku ni. Inú mi dùn débi pé mo fún Kápẹ́ńtà ní gbogbo tíì tó wà nínú fúláàsì mi.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sídìí tábìlì láti kó orúkọ jọ. Pẹ́ńsùlù mẹ́fà ló wà níbẹ̀, àti bébà tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan kan sí.

Mo jókòó. Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń kọ orúkọ níbí: ẹ̀ẹ̀kan sínú Ìwé Ńlá, tó ń bá wa gbélé, ẹ̀ẹ̀kan sórí bébà pélébé, tó ń bá ìwé lọ. Ìwé Ńlá wà lábẹ́ àpótí mọ́kànlá àti bẹ́ǹṣì méje. Èmi ni mo dì í. Gbogbo orúkọ tí a gbà lónìí ti bá ìwé lọ sílé onílé.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí a jọ ń gbé, ní kí n jẹun. Mo ní ebi ò pa mí. Wọ́n ní, "Àbí ìwé lo fẹ́ jẹ? Kò sí mọ́, o ti pín in tán." Mi ò rẹ́rìn-ín. Ó tó wákàtí kan kí n tó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹrin

Mo lọ bá Bàbá Alága nílé wọn, mo jẹ́wọ́. 

Wọ́n wá bi mí pé, "Ta ló ní kí wọ́n fi í sínú ìwé?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ, mo sì fi tèmi sínú ìwé. Ọgọ́rùn-ún èèyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ò rí ẹyọ ẹnì kan tó béèrè pé kí ló máa kù sílẹ̀. A ti mọ àṣà náà mọ́ra jù." Wọ́n mi orí. "Àwọn tiwa á dá a padà. Àwọn ará ìta yẹn ni mi ò mọ̀."

Mi ò fẹ́ gbà pé bí wọ́n ṣe rò ó ni èmi náà ṣe rò ó. Ṣùgbọ́n ìwé ìrántí tèmi nìyí, mi ò lè purọ́ sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rò ó.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kẹrin

Àwọn ọmọ iṣẹ́ Kápẹ́ńtà bá mi gbé bẹ́ǹṣì kúrò, àti gbogbo àpótí. Ìwé Ńlá jáde, ó gbẹ fúrúfúrú, kò sí nǹkan tó ṣe é. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ni ara rẹ̀ balẹ̀.

Mo gbé e sínú àpò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé ọmọ ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Mo ṣe ilé mọ́kànlá lónìí. Orúnkún mi ń fẹjọ́ sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Oṣù Kẹrin

Òjò ní gbogbo ọjọ́. Ọ̀rá ńlá tí Kápẹ́ńtà fi bo òrùlé ń dún bí ìlù àjọ̀dún, iṣẹ́ ò lọ síwájú.

Mo ti kọ ẹgbẹ̀rún kan àti irinwó sínú Ìwé Ńlá.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Karùn-ún

Mo fẹ́ kọ nípa àwọn èèyàn yìí kí n tó gbàgbé. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì to tirẹ̀ sórí ibùsùn rẹ̀, òun ń sùn lórí àga. Mo ní kí ló dé, ó ní ilẹ̀ ilé òun máa ń tutù. Aránṣọ kan to tirẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lórí pẹpẹ wa, ó tiẹ̀ fi àlàfo sílẹ̀ fún èyí tí ẹlòmíì gbé. Tọkọtaya kan ń bá ara wọn jà nítorí ìwé kan, ọkọ ní òun lòun ń kà á lọ́wọ́, ìyàwó ní ó ti parọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wò. Mo jókòó tì wọ́n, mo mu tíì, mo gbádùn ìjà náà dáadáa.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ṣùgbọ́n mi ò tíì ní irú ọ̀sẹ̀ yìí rí láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń wo ẹ̀yìn ìwé bó ṣe ń jáde lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ ibi tó ń lọ.

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Karùn-ún

Mo ti dé ilé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ó ku irinwó ìwé tí mi ò mọ ibi tó wà.

Mo sọdá lọ sí ẹ̀yìn ibùdókọ̀. Ibi tí mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́ ti ṣófo, àmì ọ́ìlì nìkan ló kù nílẹ̀. Obìnrin kan ní ó ti kó lọ láti ọ̀sẹ̀ méjì, òun ò mọ ibi tó lọ. Mo rò pé ó ti tà wọ́n. Mo rò ó pátápátá, mo tiẹ̀ ń fọkàn ya àwòrán ẹni tó rà wọ́n. Mo dé ilé, mo sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n mi.

Wọ́n ní, "Ṣé ẹni tó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ nu ọwọ́ nìyẹn? Ẹni tó fẹ́ jalè ò ní ráyè nu ọwọ́."

 Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn gbádùn ìbínú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Karùn-ún

Mo gbé pátákó sẹ́nu ọ̀nà, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ pé: Ẹni tí ìwé wa bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, a ò bínú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wá sọ orúkọ yín. Mo jókòó tì í láti àárọ̀. Àwọn èèyàn ń dúró, wọ́n ń kà á, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn wa, wọ́n ń lọ. Ọkùnrin kan tiẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan lé àkàsọ̀, ó tún gbé e kúrò. Lẹ́yìn náà ni òjò wẹ ṣọ́ọ̀kì náà nù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Karùn-ún

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Ọ̀sẹ̀ yìí ló ṣí i padà, ó lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá. Mo ti múra ohun tí mo máa sọ sílẹ̀. Mo wọlé, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Obìnrin mẹ́ta jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun, ìwé wa wà lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan ń ka ìwé oyin, ó ti fi píìnì irun sàmì sí ibi tó dé. Irun rẹ̀ ti gbẹ tipẹ́, ó kọ̀, kò dìde. Àwọn yòókù wà lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ó fi aṣọ funfun bò wọ́n kí ìpara má baà ta sí wọn.

Mo ní, "Ìyáàfin, ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ò wá sọ orúkọ yín?"

Ó wo ojú mi bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá mò ń ṣeré. "Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ sára ògiri, mà. Ẹnu ọ̀nà yín gan-an, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. *Ẹni tó bá mú ìwé kọjá ọjọ́ mẹ́rìnlá, orúkọ rẹ̀ yóò wà lára ògiri yìí, kò sì ní wọlé mọ́ láé.* Gbogbo wa la kà á lọ́jọ́ òjò yẹn. Nígbà tó fi máa pé ọjọ́ mẹ́rìnlá, páànù yín ò tíì sí lórí. Ó wá di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ta ló máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá síbi tí wọ́n á ti kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri?"

Mo bi í pé ṣé ó mọ àwọn yòókù. Ó ní òun mọ àwọn kan, òun á máa béèrè ní ibùdókọ̀. Mo ní mẹkáníìkì ńkọ́. Ó ní wọ́n lé e kúrò ní ààyè rẹ̀, òun gbọ́ pé ó ti rí òmíràn lápá ibi tí wọ́n ti ń ta táyà.

Ojú tì mí. Mò ń kọjá lábẹ́ òfin yẹn lójoojúmọ́, mi ò kà á mọ́ láti bí ogún ọdún.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Karùn-ún

Mo fi òòlù Kápẹ́ńtà yọ pátákó òfin náà. Bàbá Alága bá mi lórí àga, òòlù lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Bàbá mi àgbà ló fi ọwọ́ ara wọn kọ ìyẹn."

Mo ní, "Bàbá, alágbẹ̀dẹ wà lára àwọn méjìlá. Ó ń wọlé síbí pẹ̀lú ọwọ́ dúdú. Bó bá jẹ́ pé ó bá pátákó yìí lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣé á wọlé?"

 Wọ́n di àga náà mú fún mi títí mo fi sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Karùn-ún

Òrùlé ti parí. Igi tuntun ń rùn dáadáa. Kápẹ́ńtà da omi lu páànù láti òkè, ó ní kí èmi dúró lábẹ́ rẹ̀, mo dúró, ẹ̀kán omi kan ò kàn mí.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbé ìwé padà láti aago méje. Nọ́ọ̀sì fi kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gbé ọmọdé kó tirẹ̀ wá, ó da aṣọ bò wọ́n dé ọrùn. Onídìrí àti àwọn oníbàárà rẹ̀ kó tiwọn wá. Àwọn kan láti ibùdókọ̀ náà wá, wọ́n ń wo ògiri kí wọ́n tó wo ojú mi, nígbà tí wọ́n rí i pé pátákó ò sí níbẹ̀ mọ́, èjìká wọn rọ̀. Bí a ṣe ń to ìwé sórí pẹpẹ, ohùn yàrá òkè ń padà sí bó ṣe máa ń rí. Mo ti gbàgbé pé ìwé máa ń jẹ́ kí yàrá dákẹ́.

Ọjọ́rú, 20 Oṣù Karùn-ún

Ó ku mẹ́tàlélógóje. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń ta táyà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní mẹkáníìkì ti jáde lọ tún ọkọ̀ ṣe. Mo fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Bàbá Alága wá lọ́sàn-án, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Mo ní ìwé nílé. Ìwọ náà ní. Bí a bá kó ọgọ́ta tiwa sórí pẹpẹ, ta ló máa mọ̀?" Ohùn wọn kéré. Mi ò tíì gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu wọn rí, àánú wọn ṣe mí ju bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bí mi nínú lọ.

Mo ní, "Èmi á mọ̀, Bàbá."

 Wọ́n ní, "Ó dáa. Gbàgbé pé mo sọ ọ́." Mi ò tíì gbàgbé, mo ti kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n kò dín iyì wọn kù lójú mi. Ẹ̀rù ló ń ba ọmọ-ọmọ aránṣọ.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Karùn-ún

Lọ́yà ti bẹ̀rẹ̀, òun àti akọ̀wé méjì. Ó ń ka iye ìwé bí ẹni tó ń ka iye eyín ọmọ tirẹ̀, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ò sí. Mi ò rí oorun sùn dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Karùn-ún

Aago méjì ọ̀sán ni Lọ́yà parí. Ó pe èmi àti Bàbá Alága sídìí tábìlì. Ọmọ-ọmọ opó wà níta nínú ọgbà, okùn ìwọnlẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kò fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n mọ́.

Lọ́yà ní, "Mẹ́tàlélógóje ni kò sí. Ṣé ẹ ní orúkọ àwọn tó wà lọ́wọ́ wọn?"

 Mo ní, "Rárá. Ọwọ́ mi ni mo fi fún wọn. Mi ò mọ ẹni tí mo fún."

"Ẹ má bínú. Aago mẹ́rin ni mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó gbé kálámù sílẹ̀, ó ń wo ojú fèrèsé. Bàbá Alága gbé ọwọ́ lé Ìwé Ńlá, wọn ò gbé e kúrò.

A jókòó bẹ́ẹ̀. Mi ò ní purọ́, mò ń ronú bí mo ṣe máa sọ fún gbogbo èèyàn pé èmi ni mo ba ohun tí àwọn méjìlá ṣe jẹ́. Mo sunkún díẹ̀, Lọ́yà sì ṣe bí ẹni tí kò rí mi.

Aago mẹ́ta ti lù nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àkàsọ̀. Onídìrí ló ṣáájú. Bí èèyàn mẹ́rìnlá tẹ̀ lé e, wọ́n wọ aṣọ tó dáa, bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Mẹkáníìkì ló gbẹ̀yìn, ó ti fọ ọwọ́ rẹ̀ débi pé ó pọ́n. Gbogbo wọn wá lọ́wọ́ òfo.

Bàbá Alága dìde. "Ìwé ńkọ́?"

Mẹkáníìkì wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ó wà nílé. Mi ò tíì kà á tán ni." Ó yí sí mi. "Àǹtí onídìrí ní orúkọ lẹ fẹ́. Mo lè fi orúkọ sílẹ̀. Ìwé yẹn ni mi ò lè fi sílẹ̀, mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le."

Mo wo Lọ́yà. Lọ́yà gbé kálámù rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣí Ìwé Ńlá yẹn, mà. Aago ń lọ."

Mo ṣí i. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ibùdókọ̀ ní apá mẹ́ta nínú ìwé àwọn ẹyẹ, ó ní òun ti rí mẹ́sàn-án nínú wọn lórí òrùlé ibùdókọ̀, òun ń wá ìkẹwàá. Ìyá àgbà kan kò mọ̀ ọ́n kà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń ka ìwé kànga sí i létí. Ìyá náà ní ẹni tó kọ ọ́ ti ṣàṣìṣe ní ibì kan, nítorí pé ọkọ òun gbẹ́ kànga rí. Awakọ̀ kan ń ka ìwé egungun, ó fọwọ́ kan egungun èjìká ara rẹ̀, ó pè é lórúkọ fún Lọ́yà. Mẹkáníìkì ní mẹ́rìndínlógún, gbogbo wọn lórí aago. Ó ti tún aago ìyá rẹ̀ ṣe pẹ̀lú ìkejì, ìkẹrin ló wà níwájú rẹ̀ báyìí.

Nígbà tí ẹni ìkẹyìn sọ orúkọ rẹ̀, Lọ́yà ṣe ìṣirò, ó tún un ṣe. Ó ní, "Ọ̀kanlélọ́gọ́ta. Ó ku méjìlélọ́gọ́rin tó nù. Kò ju ọgọ́rùn-ún lọ." Ó fọwọ́ sí i. Ó jáde lọ bá ọmọ-ọmọ opó nínú ọgbà, mo sì rí i láti ojú fèrèsé tó ń ká okùn rẹ̀.

Mo ní kí mẹkáníìkì dúró. Apá kan kù lórí ìlà rẹ̀ nínú Ìwé Ńlá, ibi tí a ń kọ ọjọ́ ìdápadà sí. Mo bi í pé ọjọ́ wo.

Ó rò ó. "Ọ̀kan ń tó ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ mi, mà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń kà á. Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín."

Láti ọjọ́ àwọn méjìlá, kò sí nǹkan mìíràn tí ẹnikẹ́ni kọ síbẹ̀ rí ju ọjọ́ lọ. Mo kọ ọ́ pé: Nígbà tó bá kà á tán. Bàbá Alága bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi léjìká, wọ́n kà á.  Wọ́n ní lẹ́tà náà rí wúruwùru, kí n tún un kọ kó hàn kedere.